Ta Ni Yóò Náwó fún Akọ̀wé?

Bí ẹni tó ń jó bá mọ̀ ọ́n jó, wọn á náwó fún un. Bí onílù bá ki ènìyàn débi tí orí rẹ̀ wú, tọ̀hún á ki ọwọ́ bọ àpò, á lẹ owó mọ́ onílù níwájú orí. Bí olórin bá dá orin tó dùn, wọn á ní kó tún un dá. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, n kò tíì rí òde tí wọ́n ti náwó fún akọ̀wé ẹgbẹ́ òṣèré. Kò sẹ́ni tí í lẹ owó mọ́ akápò níwájú orí nítorí pé owó ẹgbẹ́ pé. Kò sẹ́ni tí í pàtẹ́wọ́ fún alága tó lọ bẹ ọ̀gá ilé-ìwé lẹ́ẹ̀mẹta kí wọ́n tó yọ̀ǹda yàrá kan fún ẹgbẹ́.

Síbẹ̀, bí kò bá sí àwọn wọ̀nyí, òṣèré kò ní rí òde jó, onílù kò sì ní rí ìlù lù. Àwọn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí nínú àròkọ yìí, ìyẹn àwọn tó ń darí ẹgbẹ́ tó ń jà fún iṣẹ́ ọnà àti àṣà. Mo mọ díẹ̀ nínú ohun tí ojú wọn ń rí, nítorí pé akọ̀wé ni èmi náà.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí, mo sì wà ní SS3. Ẹgbẹ́ wa kì í ṣe ẹgbẹ́ ńlá. Ọmọ ilé-ìwé girama mẹ́tàlélógún ni wá, láti Mowé, Ìbàfò àti Ifọ̀. A ń kọ́ ìlù, a ń kọ́ ijó, a ń kọ́ ewì. A sì tún máa ń lọ bá àwọn ọ̀gá ilé-ìwé àti àwọn àgbà àdúgbò pé kí wọ́n fún àṣà Yorùbá láyè nínú ètò òpin táàmù àti nínú ayẹyẹ ìlú. Ẹni tó bá mọ agbègbè wa yóò mọ ìdí tí ẹ̀bẹ̀ náà fi pọ̀. Mowé àti Ìbàfò wà lójú ọ̀nà márosẹ̀ tó ti Èkó lọ sí Ìbàdàn, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé. Ifọ̀ ní tirẹ̀ wà lójú ọ̀nà Èkó sí Abẹ́òkúta, níbi tí ojú irin ti kọjá láti ayé àwọn òyìnbó amúnisìn. Ọ̀pọ̀ àwọn òbí wa ló ń gbé níbí tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní Èkó. Ìdájí ni wọ́n ń jáde, alẹ́ ni wọ́n ń wọlé. Lójoojúmọ́ ni ilé ń pọ̀ sí i. Ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí àti ilé-ìwé náà ń pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n gbọ̀ngàn tí ọmọdé lè wọ̀ lọ kọ́ ìlù láìsanwó, àwa kò tíì rí ọ̀kan.

Ẹgbẹ́ kan ti wà ní Mowé kí tiwa tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ṣáájú wa sọ pé ẹgbẹ́ náà ní ìyá ìlù kan, omele méjì àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ mẹ́rin tí gbogbo wọn dáwó rà. Nígbà tí àwọn olórí wọn jáde ilé-ìwé, ìlù pòórá. Ẹnì kan ní òun lòun dá owó tó pọ̀ jù. Ẹlòmíràn ní ilé bàbá òun ni wọ́n ń gbé ìlù sí, nítorí náà, ìlù ti di tilé. Kò sí ìwé kankan tí wọ́n lè yẹ̀ wò. Ọ̀rọ̀ di ìjà, ìjà di kèéta, ẹgbẹ́ sì túká. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ pé ogún ọmọdé kì í ṣeré kó gba ogún ọdún. Ẹgbẹ́ yẹn kò tilẹ̀ ṣe ogún oṣù.

Òwe yìí ló ń dà mí láàmú. Bó bá jẹ́ pé òótọ́ ni, kí ni ìwúlò ẹgbẹ́ tí à ń dá sílẹ̀? Ìbéèrè náà ni mo gbé lọ bá olùkọ́ tó ń kọ́ wa ní Yorùbá. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí n lọ wo àwọn ọmọdé tó ṣeré pẹ́, kí n wo ẹni tó ń darí wọn, kí n sì wá sọ ohun tí mo bá rí. Ohun tí mo rí nìyí.

Mo ti kọ́kọ́ rò pé òyìnbó ló kọ́ wa pé kí olórí ẹgbẹ́ yàtọ̀ sí òṣèré. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ wo Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tó jẹ́ ti àwọn ará Kétu àti Yewa, tí kò jìnnà sí Ifọ̀ rárá. Ní ọdún 2001, àjọ UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan lára àwọn ogún àjogúnbá tó ṣeyebíye fún gbogbo aráyé, ní orúkọ Benin, Nàìjíríà àti Tógò. Nínú Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ọkùnrin ló ń gbé ère sórí, ọkùnrin ló ń jó, àwọn sì ni gbogbo èrò ń wò. Ṣùgbọ́n obìnrin ni olórí, òun ni wọ́n ń pè ní Ìyálásẹ̀. Kì í ṣe pé ó mọ̀ ọ́n jó ju àwọn ọkùnrin wọ̀nyẹn lọ ni wọ́n ṣe fi jẹ oyè. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ń parí sí, òun ló sì ń dúró fún gbogbo ẹgbẹ́. Àwọn baba ńlá wa ti mọ̀ tipẹ́ pé kò pọn dandan kí ẹni tó ń jó àti ẹni tó ń darí jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo.

Lẹ́yìn Gẹ̀lẹ̀dẹ́, mo lọ wo Ìbàdàn. Ní ọdún 1961, àwọn òǹkọ̀wé àti ayàwòrán dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Mbari. Lára wọn ni Wọlé Ṣóyínká, J. P. Clark, Christopher Okigbo, Chinua Achebe, Demas Nwoko àti Ulli Beier tó jẹ́ ọmọ Jámánì. Ezekiel Mphahlele, tó fi ilẹ̀ South Africa sílẹ̀ nítorí ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà, jẹ́ ààrẹ ẹgbẹ́ náà. Ẹ wò ó bí wọ́n ṣe pín in: àárín ìlú Yorùbá ni ilé wà, àjèjì láti ìsàlẹ̀ Áfíríkà jẹ ààrẹ, Achebe tó jẹ́ ọmọ Igbo ló sì mú orúkọ wá. Ilé amọ̀ tí àwọn Igbo agbègbè Owerri máa ń mọ fún Ala, òrìṣà ilẹ̀, ni wọ́n ń pè ní Mbari. Bí wọ́n bá mọ ilé náà tán, tí wọ́n fi ère kún inú rẹ̀, wọn kì í tún un ṣe mọ́. Wọ́n á jẹ́ kí òjò wó o. Bí àkókò bá tó, wọ́n á tún mọ òmíràn.

Mo ronú lórí èyí fún ọjọ́ púpọ̀. Ogun abẹ́lé bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1967, Okigbo kú sójú ogun lọ́dún náà gan-an, àwọn ẹgbẹ́ sì fọ́n ká. Ẹni tó bá fẹ́ lè sọ pé òwe àwọn àgbà ti ṣẹ. Ṣùgbọ́n kí ó tó di pé wọ́n fọ́n ká, ẹnì kan ti wá láti Òṣogbo, ó ti rí bí wọ́n ṣe ń mọ ilé náà, ó sì ti padà lọ mọ tirẹ̀.

Dúró Ládiípọ̀ ni ẹni náà. Olùkọ́ ni, ó sì ń kọ orin fún ìjọ Ọlọ́run. Ó fẹ́ fi ìlù Yorùbá sí orin Àjíǹde, ṣùgbọ́n àwọn kan nínú ìjọ kò fẹ́ kí irú ìlù bẹ́ẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ìgbà tí ilé Ọlọ́run kò gba ìlù rẹ̀, ó wá ibòmíràn lọ. Ó ní ilé ọtí kan ní Òṣogbo tí wọ́n ń pè ní Popular Bar. Ní ọdún 1962, ilé ọtí yìí ni wọ́n sọ di ilé iṣẹ́ ọnà. Orúkọ Mbari dé Òṣogbo, ó di Mbari Mbayo, nítorí ohun tí etí Yorùbá gbọ́ ni pé bí mo bá rí i, màá yọ̀. Ibẹ̀ ni eré Ọba Kò So ti jáde ní ọdún 1963. Ní ọdún 1964, eré náà dé Berlin ní ilẹ̀ Jámánì, ó sì dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1965.

Gbogbo ayé ló mọ Dúró Ládiípọ̀ bí Ṣàngó lórí ìtàgé. Ohun tó wú mi lórí jù ni pé ó fi ilé tó ń mú owó wọlé fún un sílẹ̀ kí àwọn ẹlòmíràn lè ríbi ṣiṣẹ́. Jímọ̀ Bùráímọ̀ ń tọ́jú iná mànàmáná fún ẹgbẹ́ òṣèré náà. Ibẹ̀ ló ti di ayàwòrán tó ń fi ìlẹ̀kẹ̀ ṣe àwòrán, tí orúkọ rẹ̀ sì kárí ayé. Múráínà Oyèlàmí ń ṣeré, ó ń lu ìlù, òun náà di ayàwòrán. Twins Seven Seven, ẹni tí wọ́n mọ̀ tẹ́lẹ̀ bí oníjó, ya àwòrán débi pé UNESCO fi í ṣe aṣojú iṣẹ́ ọnà fún àlàáfíà ní ọdún 2005. Dúró Ládiípọ̀ kú ní ọdún 1978. Iṣẹ́ àwọn tó fún láyè kò bá a kú. Ìwọ̀nyí ni mo fi mọ̀ pé iṣẹ́ àkọ́kọ́ olórí ẹgbẹ́ ni kí ó wá àyè fún ẹlòmíràn.

Ṣùgbọ́n àyè nìkan kò tó. Nígbà mìíràn, ẹni tó bá ní agbára ló máa ń gba àyè náà. Ọmọ Ìpínlẹ̀ Ògùn wa, Olóyè Hubert Ògúndé tí wọ́n bí ní Òsósà ní ọdún 1916, mọ̀ nípa èyí. Ọlọ́pàá ni kí ó tó di òṣèré. Ní ọdún 1964, eré rẹ̀ tó ń jẹ́ Yorùbá Ronú bí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn nínú. Wọ́n fi òfin de ẹgbẹ́ rẹ̀ pé wọn kò gbọdọ̀ ṣeré ní gbogbo agbègbè náà. Àfìgbà tí ìjọba ológun dé ní ọdún 1966 ni wọ́n tó tú òfin náà ká. Ó yé mi láti inú ìtàn yìí pé òṣèré kan ṣoṣo, bó ti wù kó lókìkí tó, ìjọba lè pa á lẹ́nu mọ́. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Nígbà tí àwọn òṣèré Nàìjíríà wá kó ara wọn jọ sínú ẹgbẹ́ tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí ANTP, Ògúndé ni wọ́n fi ṣe ààrẹ. Kò lè jẹ́ iṣẹ́ tó rọrùn. Ẹni tó ń bá àwọn yòókù wá èrò ìwòran láti ìlú dé ìlú ló tún ní láti jókòó láàárín wọn, kí ó parí ìjà wọn, kí ó sì sọ̀rọ̀ ní orúkọ gbogbo wọn. Ó kú ní oṣù Kẹrin ọdún 1990. Nígbà tó yá, àwọn kan kúrò nínú ẹgbẹ́ náà, wọ́n dá TAMPAN sílẹ̀. Délé Odùlé, ọmọ Ìpínlẹ̀ Ògùn, ti jẹ́ ààrẹ rẹ̀, Bọ́lájí Àmùsàn tí a mọ̀ sí Mr Latin náà ti jẹ ẹ́. Nígbàkúùgbà tí mo bá rí wọn lórí tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n ń pa wá lẹ́rìn-ín, mo máa ń rántí pé àwọn kan náà ló ń jókòó títí ilẹ̀ fi ń ṣú láti yanjú aáwọ̀ àwọn òṣèré. Apá yẹn kì í jáde lórí tẹlifíṣọ̀n.

Ẹgbẹ́ tó yà mí lẹ́nu jù ni CORA, ní Èkó. Ọjọ́ 2, oṣù Kẹfà, ọdún 1991 ló bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe ẹgbẹ́ òṣèré, kì í sì í ṣe ẹgbẹ́ òǹkọ̀wé nìkan. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa jà fún gbogbo iṣẹ́ ọnà. Wọ́n ní ìpàdé àríyànjiyàn kan tí wọ́n ń pè ní Art Stampede, níbi tí àwọn ayàwòrán, olórin, òṣèré àti òǹkọ̀wé ti ń sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ sí ara wọn lójú. Láti ọdún 1999 ni wọ́n ti ń ṣe ọdún ìwé àti iṣẹ́ ọnà Èkó, tí wọ́n ń pè ní LABAF. Freedom Park, tó jẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n nígbà ayé òyìnbó, ni wọ́n ti wá ń ṣe é, wọ́n sì ya apá kan sọ́tọ̀ nínú rẹ̀ fún àwọn ọmọdé. Ní ọdún 2006, wọ́n fún ẹgbẹ́ náà ní ẹ̀bùn Prince Claus láti ilẹ̀ Netherlands.

Mo wá wo àwọn tó ń darí rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Tóyìn Akínòṣó, tí wọ́n jẹ́ onímọ̀ nípa àpáta àti ilẹ̀, tí wọ́n sì tún jẹ́ oníròyìn, wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Jahman Aníkúlápó, tí wọ́n kẹ́kọ̀ọ́ nípa eré orí ìtàgé ní Yunifásítì Ìbàdàn, tí wọ́n sì ti jẹ́ olóòtú ìwé ìròyìn The Guardian tọjọ́ Àìkú, ni wọ́n jọ ń ṣe é. Oyè wo ni wọ́n mọ Ọ̀gbẹ́ni Akínòṣó mọ́ nínú ẹgbẹ́ náà? Akọ̀wé Àgbà. Mo ka ọ̀rọ̀ yìí lẹ́ẹ̀mejì. Ẹgbẹ́ tó ti ṣeré kọjá ogún ọdún, tó ti kọjá ọgbọ̀n ọdún pàápàá, akọ̀wé ló wà nídìí rẹ̀!

Mo sáré lọ sọ fún ìyá mi, nítorí pé iṣẹ́ akọ̀wé yìí kò fi bẹ́ẹ̀ dùn mọ́ wọn nínú. Ata àti tòmátì ni wọ́n ń tà ní ọjà Ìbàfò. Wọ́n ti sọ fún mi pé, “Bó bá jẹ́ ijó lò ń jó, mà á mọ̀ pé ijó lò ń jó. Kí lo wá ń jókòó kọ ọ̀rọ̀ ẹlẹ́nu sílẹ̀ sí, nígbà tí WAEC ń bọ̀ lọ́nà?” Ọ̀rọ̀ wọn ní ìtumọ̀, n kò sì já wọn níyàn. Ṣùgbọ́n àwọn náà ni olórí àjọ fún àwọn obìnrin mẹ́rìndínlógún lọ́jà. Ìwé kékeré kan wà nínú báǹtẹ́ owó tí wọ́n ń so mọ́ ìdí. Bí ẹnì kan bá ní òun ti san, tí ẹlòmíràn ní kò tíì san, kò sí ariwo. Ohun tí wọ́n máa ń sọ ò ju, “Ẹ yẹ ìwé wò” lọ. Nígbà tí mo rán wọn létí, wọn kò fún mi lésì. Lálẹ́ ọjọ́ kejì, wọ́n ní kí n gbé ìwé ẹgbẹ́ wá. Wọ́n fi rúlà fa ìlà kan sí i ní ẹ̀gbẹ́ ibi tí a ń kọ owó sí. Wọ́n ní, “Ẹni tó gba owó á fọwọ́ sí i, ẹni tó rí i nígbà tó gbà á náà á fọwọ́ sí i. Ojú kan kì í ṣe ẹlẹ́rìí.”

Ìlà tí wọ́n fà yìí ló kó wa yọ ní táàmù kejì. A lọ ṣeré níbi ayẹyẹ àdúgbò kan ní Mowé, wọ́n sì fún wa ní ẹgbàá méjìlélógún ààbọ̀ náírà, ìyẹn ₦45,000. Owó ńlá ni lójú wa, òun ló sì dá ìjà sílẹ̀. Àwọn mẹ́jọ tó ń wá láti Ifọ̀ ní àwọn kò ṣe ẹgbẹ́ mọ́. Wọ́n ní Mowé ni gbogbo ìpàdé, àwọn sì ni owó ọkọ̀ ń jẹ run. Àwọn ará Mowé ní irọ́ ni, wọ́n ní àwọn ará Ifọ̀ kì í tilẹ̀ wá déédéé. Bí ọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, mo ṣí ìwé, mo kà á sókè. Ìpàdé mẹ́sàn-án ni a ti ṣe. Mowé ni gbogbo rẹ̀. Kò sí ìpàdé kan tí kò sí ará Ifọ̀ níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni àwọn kan nínú wọn pẹ́, a sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé òjò ló dá wọn dúró.

Gbogbo yàrá dákẹ́. Alága wa, ọmọkùnrin ará Mowé kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ní kí a kọ́kọ́ yọ owó ọkọ̀ àwọn ará Ifọ̀ àti ti Ìbàfò kúrò nínú owó náà kí a tó pín ìyókù. Àwọn kan nínú ará ilé rẹ̀ bínú sí i, wọ́n ní ó ta wọ́n. Kò fèsì. Lọ́jọ́ náà ni mo rí ohun tí à ń pè ní olórí. Kò mọ ijó jó dáadáa, ìlù rẹ̀ kò sì dùn tó ti ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n bí kì í bá ṣe tirẹ̀, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni à bá kù.

Ní oṣù méjì sí i, àwa mẹ́fà tó wà ní SS3 yóò jáde, alága wà lára wa, akápò wà lára wa, èmi náà wà lára wa. Àwọn àgbà ní bí iná bá kú, a fi eérú bojú. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Ta ni a fẹ́ fi rọ́pò wa? Ọ̀pọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ fẹ́ kí a fi ọmọkùnrin kan tó ń jó bí òkòtò ṣe alága. Mo fẹ́ràn ijó rẹ̀, mo sì gbà pé kò sí ẹni tó tó o láàárín wa. Ìdí gan-an nìyẹn tí n kò fi fẹ́ kí a fi ṣe alága. Kí ó máa darí ijó. Ẹni tó máa ń tètè dé, tó máa ń ranti ẹni tí kò wá, tó sì lè pín nǹkan kí àwọn ará ilé rẹ̀ bínú sí i, irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni kó ṣe alága.

Nítorí pé ọ̀rọ̀ ẹnu lè fò lọ, a ti jókòó kọ òfin ẹgbẹ́, gbogbo wa sì ti fọwọ́ sí i. Ìpàdé yóò máa yí ká Mowé, Ìbàfò àti Ifọ̀. Owó ọkọ̀ ni a óò kọ́kọ́ yọ kí a tó pín owó kankan. Alága, akọ̀wé àti akápò kò gbọdọ̀ wá láti ìlú kan náà. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wà lórí oyè ju ọdún kan lọ. A óò máa ka ìwé owó sókè ní gbogbo ìpàdé. Orúkọ gbogbo ìlù, ibi tí a gbé e sí, àti ẹni tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, gbogbo rẹ̀ wà nínú ìwé. Igbákejì akọ̀wé sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ kíláàsì kékeré, kí ó lè ti mọ iṣẹ́ kí akọ̀wé tó lọ.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ mi, bí ẹ bá fẹ́ràn àṣà tí ẹ kò sì mọ ijó jó, ẹ má ṣe rò pé kò sí iṣẹ́ fún yín. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, bí ẹ bá ń yan ọmọ tí yóò darí ẹgbẹ́, ẹ wo ẹ̀yìn ìtàgé pẹ̀lú. Kì í ṣe ọmọ tí ẹnu rẹ̀ mú jù lọ ló mọ̀ ọ́n darí jù. Ẹ̀yin òbí wa, a mọ̀ pé ìdánwò ṣe pàtàkì. Ṣùgbọ́n ọmọ tó mọ bí a ṣe ń tọ́jú owó tí kì í ṣe tirẹ̀, tó mọ bí a ṣe ń kọ òótọ́ sílẹ̀ nígbà tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò fẹ́ kí ó kọ ọ́, ẹ̀kọ́ tó ń kọ́ kò kéré sí èyí tó wà nínú ìwé.

Ọjọ́ Sátidé tó ń bọ̀ ni a óò dìbò, Ifọ̀ ni ìpàdé sì ti máa wáyé fún ìgbà àkọ́kọ́. Igbákejì mi, ọmọbìnrin ará Ifọ̀ kan tó wà ní JSS3, ni yóò kọ àkọsílẹ̀ ọjọ́ náà. Mo ti fi ibi tí ìyá mi fa ìlà sí hàn án, mo sì ti sọ fún un pé kí ó má ṣe gba owó kankan láìsí ẹlẹ́rìí. Ó bi mí pé, “Ẹ̀gbọ́n, bí wọ́n bá ní kí n yọ nǹkan kúrò ńkọ́?” Mo ní kí ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé wọ́n ní kí òun yọ ọ́.